Nígbà tí Wọ́ọ̀fù Dé sí Ilẹ̀ Òrìṣà

Ní ọdún 1920, ọ̀pá àṣẹ Ọba Èkó kúrò ní Ìga Ìdúngánràn, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di Lọ́ńdọ̀nù. Èṣùgbàyí Elékòó ló ni ọ̀pá náà. Ẹni tó gbé e dání ni Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tí bàbá rẹ̀ dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Ẹni tí wọ́n jọ rin ìrìn-àjò náà ni Àmọ́dù Tìjánì, Olóyè Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn olóyè onífìlà funfun tí à ń pè ní Ìdẹ́jọ. Orúkọ rẹ̀ nìkan ti tó fún ẹnikẹ́ni láti mọ̀ pé ìmàle ni. Ẹ bá mi wo àwọn èrò inú ọkọ̀ yẹn dáadáa: ọmọ ilé bíṣọ́ọ̀bù, mùsùlùmí tó dé fìlà funfun, àti ọ̀pá tí kò ti inú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí wá. Ilẹ̀ Àpápá ló kó wọn pọ̀.

Ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní 1913, nígbà tí ìjọba àmúnisìn fi òfin gba ilẹ̀ ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Olóyè Olúwa ní ilẹ̀ ẹbí òun ni, kí wọ́n san owó rẹ̀ pé. Ìjọba ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní láti ìgbà tí Ọba Dòsùmú ti fọwọ́ sí ìwé ní 1861 ni ilẹ̀ Èkó ti bọ́ sọ́wọ́ adé Gẹ̀ẹ́sì, pé ohun tó kù fún olóyè kò ju ti alábòójútó tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ, owó alábòójútó náà sì ni yóò gbà. Àwọn ilé ẹjọ́ nílé gbè sẹ́yìn ìjọba. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn. Ní oṣù Keje ọdún 1921, Viscount Haldane gbé ìdájọ́ kalẹ̀: àwùjọ ló ni ilẹ̀, olóyè ń ṣọ́ ọ fún wọn ni, ìwé tí Dòsùmú sì fọwọ́ sí kò já ẹ̀tọ́ yẹn gbà lọ́wọ́ wọn. 22,500 pọ́n-ùn ni owó tí wọ́n san níkẹyìn. Títí di òní, àwọn amòfin tó ń jà fún ilẹ̀ àwọn onílùú ní Kánádà àti Ọsirélíà ṣì máa ń tọ́ka sí ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjánì.

Owó ni Olúwa gbà bọ̀ o. Ilẹ̀ ò padà. Ní 1926 ni wọ́ọ̀fù Àpápá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pẹ̀lú ibi mẹ́rin tí ọkọ̀ ńlá ti lè sún mọ́ èbúté. Elékòó tó yá wọn lọ́pá náà jìyà rẹ̀: ìjọba kọ́kọ́ ní àwọn ò mọ̀ ọ́n lọ́ba mọ́, nígbà tó di 1925 wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì rán an lọ sí Ọ̀yọ́. Ọdún 1931 ló tó padà sílé, ó sì wàjà ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ohun tí ó jẹ mí lógún nínú ìtàn yìí kọjá owó àti ilé ẹjọ́. Ìjọba tó bá ti pinnu láti sọ ìlú di ti ayé òde òní, ojú rẹ̀ kì í pẹ́ lọ sórí ilẹ̀ tí ẹ̀sìn àtijọ́ dúró lé. A máa ń sọ pé ìwàásù ló lé òrìṣà nílé. Èmi rò pé okùn awọnlẹ̀ ṣe é ju ìwàásù lọ. (Macaulay fúnra rẹ̀, awọnlẹ̀ ìjọba ni kó tó dojú ìjà kọ ìjọba, ó mọ ohun tí okùn yẹn lè ṣe.)

Nítorí ní etí omi yẹn, ilẹ̀ àti ẹ̀sìn kò ya ara wọn. Àwọn Àwórì ló tẹ ibẹ̀ dó, ìtàn wọn sì nìyí: Ògúnfúnminírè kúrò ní Ifẹ̀, ó gbé àwo sórí omi, ó ní ibi tí àwo bá rì sí ni òun yóò jókòó sí. Àwo ń lọ, ó ń tẹ̀ lé e, títí àwo fi rì ní Ìṣẹrí. Àwọn tó bi í léèrè pé àwo ńkọ́, ó dá wọn lóhùn pé àwo ti rì, ibẹ̀ ni orúkọ Àwórì ti wá. Àwọn ọmọ Olófin tó jáde láti ibẹ̀ ló pín etí ọ̀sà mọ́ra wọn lọ́wọ́: Arómirẹ́, Oníru, Ọjọ́rà, Olúwa àti àwọn yòókù. Bí ẹ bá bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ léèrè ìwé ilẹ̀ rẹ̀, àwo ni yóò fi hàn yín. Wọ́n sin òkú wọn síbẹ̀, wọ́n bọ omi níbẹ̀, olóyè ilẹ̀ sì ni olórí ètùtù. Báwo ni ilé ẹjọ́ ṣe fẹ́ kọ iye ìyẹn sínú owó gbà-máà-bínú?

Ní ọdún 1920 yìí kan náà, nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ ní Èkó tí àwọn ìwé ìtàn wa kì í sábà gbé ariwo lé. Ọlọ́runfúnmi Oshiga dá Ìjọ Ọ̀rúnmìlà Adúláwọ̀ sílẹ̀. Orúkọ yẹn gan-an sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó mú ọ̀rọ̀ “ìjọ” lọ́wọ́ àwọn onígbàgbọ́, ó fi kún Ọ̀rúnmìlà, ó sì fi Adúláwọ̀ kádìí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣi í mú. Ìjọ tó ní orin ìsìn, tó ní ìwàásù, tí ẹsẹ Ifá wà nípò tí Bíbélì wà ní ilé ìsìn kejì, tí àwọn èèyàn ń jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì bí ará Ṣọ́ọ̀ṣì. Babaláwo tó kọ́ Ifá ní ìdí ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá lè yọ ṣùtì sí i pé kí ni ti bẹ́ǹṣì. Ṣùgbọ́n ẹ ro ẹni tó ń gbé Èkó nígbà náà: ó ti lọ sí ilé ìwé, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tàbí rélùwéè, ilẹ̀ bàbá rẹ̀ wà ní ọ̀nà jíjìn tàbí kó ti di ti ìjọba, aládùúgbò rẹ̀ sì ń pè é ní kèfèrí. Ẹ̀sìn tí kò nílò igbó, tí kò nílò ojúbọ ìdílé, tí èèyàn lè wọ aṣọ tó dára lọ síbi rẹ̀ kó sì padà sílé, ni Oshiga gbé kalẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Kò dédé bẹ̀rẹ̀. Ọdún bíi méjìlélógún ṣáájú, ní 1898, Àlùfáà E. M. Líjàdù ti ìjọ Áńgílíkà, tó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Oǹdó, ti tẹ ìwé kan lórí Ifá, ó sì tún tẹ òmíràn lórí Ọ̀rúnmìlà ní 1908. Àlùfáà Kírísítì ló jókòó ti àwọn babaláwo tó kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Ohun tó ń wá nídìí rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó bí: ó fẹ́ mọ ẹ̀sìn náà kó lè wàásù fún àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí a ti tẹ̀ kì í béèrè lọ́wọ́ òǹkọ̀wé kó tó rin ìrìn tirẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣáínà, níbi tí ojú ìjọba náà ti lọ sórí ilẹ̀ ẹ̀sìn àtijọ́.

Àwa tí a dàgbà sí Ajégúnlẹ̀, ilé fídíò ni a ti kọ́kọ́ rí àlùfáà Búdà. Owó péréte lèèyàn ń san, a ó há gádígádí sórí bẹ́ǹṣì, fáànù á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná, ọkùnrin tó fá orí kodoro á sì máa fi ọwọ́ lásán fọ́ bíríkì. Shaolin ni a mọ̀, a ò mọ Búdà. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé ẹ̀sìn ni ohun tí à ń wò yẹn, tàbí pé ní àkókò kan, ẹ̀sìn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán nílé.

Ẹ̀sìn Búdà ti wà ní Ṣáínà fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, láti Íńdíà ló ti wọlé, ó sì ti di onílé débi pé kò sẹ́ni tó rántí pé àlejò ni. Àwọn tẹ́ḿpìlì ní ilẹ̀ oko rẹpẹtẹ. Àgbẹ̀ ń dá a, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún tẹ́ḿpìlì, òun ni àwọn àlùfáà ń jẹ. Nígbà tí orílẹ̀-èdè náà pàdánù ogun sọ́wọ́ Jàpáànù ní 1895, gbogbo ẹni tó mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó sọ wọ́n di aláìlágbára láàárín ayé. Ní 1898, Zhang Zhidong, gómìnà ńlá kan, kọ ìwé, ó dábàá pé nínú tẹ́ḿpìlì 10, kí wọ́n sọ 7 di ilé ẹ̀kọ́ ti ìgbàlódé. Ìwọ̀nba tó kù ni kí àwọn àlùfáà máa gbé. Kò bá Búdà jiyàn rárá. Kò ní ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò dára. Ilé àti ilẹ̀ rẹ̀ ló fẹ́.

Nígbà tí ìjọba ọba wó ní 1911 sí 1912, gbígba tẹ́ḿpìlì tún le sí i. Àlùfáà kan wà tó ń jẹ́ Jing'an, tí wọ́n ń pè ní Oníka Mẹ́jọ nítorí pé ó ti fi iná jó ìka méjì rẹ̀ láti fi jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú Búdà. Òun ni wọ́n fi ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tuntun ní 1912. Ó rìnrìn-àjò lọ sí Beijing láti bẹ ìjọba pé kí wọ́n dá ilẹ̀ tẹ́ḿpìlì padà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó lọ bá fi ìwọ̀sí lọ̀ ọ́. Ó padà sí tẹ́ḿpìlì tó dé sí, ó sì kú síbẹ̀. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn ni Olúwa wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nípa irú ọ̀rọ̀ kan náà. Ti Olúwa ní ilé ẹjọ́ tó lè gbé e dé. Oníka Mẹ́jọ kò ní ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ikú rẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá, tí ìjọba fi wá fọwọ́ sí ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀.

Níbi ètò ìrántí rẹ̀, ní 1913, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde sọ̀rọ̀. Taixu lorúkọ rẹ̀, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ. Ó ní ẹ̀sìn Búdà nílò ìyípadà mẹ́ta: nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, nínú ètò àwọn àlùfáà rẹ̀, àti nínú dúkìá rẹ̀. Àwọn àgbà fajú ro. Ní pàtàkì, ọ̀rọ̀ dúkìá yẹn kò bọ́ sí wọn létí dáadáa, torí ó ní kí ohun tí tẹ́ḿpìlì ní di ti gbogbo ẹlẹ́sìn, kó má jẹ́ ogún tí ọ̀gá ń fi lé ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́. Ní 1920, ọdún Oshiga, ọdún ọ̀pá Elékòó, Taixu bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tó pè ní Haichaoyin, ìyẹn “ìró ìgbì òkun”. Ní 1922 ó dá ilé ẹ̀kọ́ Búdà sílẹ̀ ní Wuchang, tí pátákó ìkọ̀wé àti ìdánwò wà níbẹ̀, tí wọ́n ti ń kọ́ àlùfáà ní ohun tí ayé ń sọ. Ó ní ti òkú ni wọ́n ń sìn jù. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀sìn wúlò fún alààyè. Nígbà tó di 1928 ó rin ìrìn-àjò lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, bí Macaulay ṣe gbé ọ̀pá lọ, láti lọ fi han àwọn aláwọ̀ funfun pé ohun tó wà nílé kò kéré.

Oshiga kò mọ Taixu, Taixu kò mọ Oshiga. Wọ́n kàn gbọ́ ìbéèrè kan náà ni: ẹ̀yin tí ẹ kò ní ìwé, tí ẹ kò ní ilé ẹ̀kọ́, tí ẹ kò ní ẹgbẹ́, ṣé ẹ̀sìn lẹ̀ ń ṣe àbí àṣà òkùnkùn? Àwọn ajíhìnrere ló mú ìbéèrè náà dé etí omi méjèèjì, àwọn méjèèjì sì lo irinṣẹ́ ẹni tó bi wọ́n léèrè láti fi dáhùn. Yang Wenhui tó ṣáájú Taixu náà rí bíi Líjàdù díẹ̀. Lẹ́yìn ogun Taiping tó jó ìwé àti tẹ́ḿpìlì run, ó dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Nanjing ní 1866, ó ń tẹ ìwé Búdà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Yang gba ohun tó ń tẹ̀ gbọ́.

Ìjọba Ṣáínà tún ṣe nǹkan kan ní 1928 tí ọmọ Èkó yóò mọ̀ dáadáa. Wọ́n gbé òfin jáde lórí ojúbọ tó yẹ kó wà àti èyí tó yẹ kí wọ́n wó. Búdà wọ inú ẹ̀sìn. Òrìṣà iná ìdáná, òrìṣà ilẹ̀ àdúgbò, òrìṣà àjàkálẹ̀ àrùn àti irú wọn, ìgbàgbọ́ asán ni. Níbí, Ṣọ̀pọ̀nná, òrìṣà àrùn ìgbóná, ni ọ̀bẹ kọ́kọ́ kàn. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà wọ inú ẹgbẹ́ àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀nná ní ìkọ̀kọ̀, ó jáde wá ní àwọn kan nínú wọn ló ń tan àrùn náà ká, ìjọba àmúnisìn sì fi òfin de ìsìn náà. Sàpárà kì í ṣe ọ̀tá ìṣègùn ìbílẹ̀ o. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń ṣèwádìí ewé àti egbò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi le láti dá lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n kọ lẹ́yìn náà kò ní sùúrù Sàpárà. Ó kó ojúbọ, oògùn àti àjẹ́ pọ̀ sábẹ́ orí kan, ó sì fún aláṣẹ lágbára láti fòfin de ìsìn tó bá kà sí jùjú búburú.

Ẹ jẹ́ ká padà sí wọ́ọ̀fù. Bí àjàkálẹ̀ àrùn eku ṣe jà ní Èkó láti 1924, ìjọba dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, LEDB yìí ló da iyanrìn kún irà Àpápá, tó pín in sí ibi ilé iṣẹ́ àti ibi tí àwọn òyìnbó àti ọ̀gá ọ́fíìsì yóò máa gbé, pẹ̀lú koríko gígẹ̀ àti igi ìbòòji. Ní 1955 ni iléeṣẹ́ NPA gba àkóso èbúté. Ẹni tó ń gbé ẹrù, ẹni tó ń wakọ̀, ẹni tó ń se oúnjẹ fún ẹni tó ń gbé ẹrù, kò sí ilé fún un ní Àpápá. Wọ́n kọjá kánàà. Òdìkejì omi ìdọ̀tí yẹn ni ilẹ̀ ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn, tí onílẹ̀ ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá wá: Ìlàjẹ, Ẹ̀gùn, Ìjọ, Urhobo, Ígbò, Haúsá, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú.

Orúkọ tí ibẹ̀ ń jẹ́ ni Ajégúnlẹ̀. Gbogbo wa ló ń pè é bí ẹni pé orúkọ bọ́ọ̀sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ: Ajé gúnlẹ̀. Òrìṣà ni Ajé, owó ẹyọ ni àmì rẹ̀, òun ló ni ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ wa. Gúnlẹ̀ sì ni ohun tí ọkọ̀ ń ṣe nígbà tó bá dé èbúté. Ẹni tó sọ àdúgbò náà lórúkọ gbà pé ohun tó ń tinú ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní Àpápá, òrìṣà ni. (Àwọn ará Ṣáínà náà ti fi owó ẹyọ náwó rí láyé ọjọ́un, títí di òní sì ni àmì owó ẹyọ ṣì wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kọ “ọrọ̀” àti “rírà” sílẹ̀.)

Yàrá tí èèyàn háyà kò lè ní ojúbọ ìdílé, onílé ò ní gbà. Igbó orò kò sí. Nítorí náà ẹ̀sìn inú Ajégúnlẹ̀ di ohun tí èèyàn lè gbé sínú báàgì: ọ̀pẹ̀lẹ̀, igbá kan, àgbo nínú kẹ́ẹ̀gì, kàǹdù funfun. Àwọn ìjọ aláṣọ funfun tètè mọ èyí. Moses Orímóládé àti Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Kérúbù àti Séráfù ní Èkó ní 1925. Oshoffa, tó dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀, gba ìpè rẹ̀ ní Pọ́tónóvò ní 1947, àwọn apẹja Ẹ̀gùn sì gbé ìjọ náà wọ Mákòókó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Wọ́n yọ bàtà, wọ́n lọ sí etí omi, wọ́n ríran, wọ́n fi èso bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó ti bọ Olókun rí kò ní ṣìnà níbẹ̀. Mo ti gbọ́ kí wòlíì bú òrìṣà láti àárọ̀ di ọ̀sán ní àdúgbò wa, kó sì ní kí obìnrin tó ń wá ọmọ lọ fi omi ọ̀sà wẹ̀ lálẹ́. N kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan gbùngbùn ni Ìgánmú, tí kò jìnnà sí wa rárá. Ní 1973, ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn ńlá tí yóò gba àwọn adúláwọ̀ gbogbo ayé lálejò fún ayẹyẹ àṣà tí wọ́n pè ní FESTAC. Abúlé kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Olúwọlé. Wọ́n kó àwọn ará abúlé náà kúrò, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí Ìjọ́rà Bàdíyà. Iléeṣẹ́ Bọ̀gáríà ló kọ́ National Theatre sórí ilẹ̀ náà, tí ó rí bíi fìlà ológun tí wọ́n fi sílẹ̀ sórí koríko. Ní January 1977 ayẹyẹ bẹ̀rẹ̀: egúngún jó, bàtá ké, òrìṣà láti Bàhíà àti Kúbà padà wálé wá jó. Láti lè fi àṣà hàn, wọ́n lé àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ rẹ̀. Bàdíyà tí wọ́n kó wọn lọ náà, ìjọba tún gbé katapílà wọ apá kan rẹ̀ ní oṣù Kejì 2013.

Òrìṣà tó wálé láti Bàhíà yẹn bi èrò mi ṣubú díẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Àwọn tó gbé wọn dé ibẹ̀ kò ní ilẹ̀ kankan. Àwọn gan-an ni wọ́n rà bí ọjà. Síbẹ̀ Ṣàngó kò kú. Bóyá ilẹ̀ kọ́ ni òrìṣà ń jẹ láti wà láàyè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ náà ńkọ́?

Láàárín ọdún tí à ń múra FESTAC, Ṣáínà ń parí èyí tó burú jù lára tirẹ̀. Òfin àtúntò ilẹ̀ ti 1950 ti gba oko lọ́wọ́ tẹ́ḿpìlì, àlùfáà tó fẹ́ jẹun ní láti roko bí àwọn yòókù. Ní 1953 wọ́n dá Ẹgbẹ́ Búdà ti Ṣáínà sílẹ̀ sábẹ́ ojú ìjọba. Ní 1966 Mao Zedong tú àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ láti pa ohun àtijọ́ rẹ́. Wọ́n fọ́ ère, wọ́n dáná sun ìwé, wọ́n ti tẹ́ḿpìlì pa tàbí kí wọ́n sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ àti ilé ẹrù, wọ́n sì fipá mú àlùfáà bọ́ aṣọ ìsìn sílẹ̀ kó gbé ìyàwó. Ọdún mẹ́wàá ló gbà. Ní Tíbẹ́ẹ̀tì ìyà náà ti ṣáájú, Dalai Lama ti sá lọ sí Íńdíà ní 1959. Ẹ̀sìn tí Taixu fẹ́ tún ṣe, erékùṣù Taiwan ló ti wá rí ilẹ̀ gbà: Cheng Yen dá Tzu Chi sílẹ̀ ní 1966, Hsing Yun dá Fo Guang Shan sílẹ̀ ní 1967. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé Áfíríkà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tẹ́ḿpìlì Nan Hua ní South Africa ní 1992.

Mao kú ní 1976. Ní 1982 ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba kọ ìwé tuntun lórí ẹ̀sìn: ẹ lè máa sìn, bí ẹ bá sìn ní ibi tí a fọwọ́ sí. Ní 1983 wọ́n to orúkọ tẹ́ḿpìlì 142 sílẹ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n dá padà fún àwọn àlùfáà. Zhao Puchu, tó jẹ́ olórí Ẹgbẹ́ Búdà láti 1980, ló ṣe wàhálà jù lórí èyí. Ọ̀rọ̀ Taixu nípa ẹ̀sìn tó wúlò fún alààyè ni òun náà sì gbé síwájú ìjọba. Ní 1982 kan náà ni fíìmù Shaolin Temple jáde, tí Jet Li ṣe, tí wọ́n sì yà lára rẹ̀ ní tẹ́ḿpìlì náà gan-an. Ìwọ̀nba àlùfáà díẹ̀ ló kù níbẹ̀ nígbà náà. Èrò wá tú dà síbẹ̀ bí omi. Irú fíìmù tí àwa ń sanwó wò ní ilé fídíò ló jí tẹ́ḿpìlì dìde; owó tíkẹ́ẹ̀tì ló tún un ṣe. Shi Yongxin di olórí ibẹ̀ ní 1999, ó sọ ọ́ di òwò tí ayé mọ̀, títí di oṣù Keje 2025 tí wọ́n gbà á lóyè, tí wọ́n sì ní àwọn ń wádìí rẹ̀ lórí owó àti obìnrin.

Tiwa náà gba ọ̀nà tó jọ ọ́ padà wọlé. Ní 2005, UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ìṣura ọmọ ènìyàn. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n kọ Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé. Ayé ní ó dára, ìjọba wá ní ó dára. Ní Òṣogbo, igbó wà tí wọ́n lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní Àpápá, kí ni wọ́n fẹ́ kọ? Pákó wọ́ọ̀fù? Àwọn tírélà tó tò láti ibẹ̀ dé Mile 2? Rélùwéè tuntun tí iléeṣẹ́ Ṣáínà kọ́ láti Ìbàdàn ti wọnú èbúté náà báyìí, ó sì ń gbé kọ̀nténà kọjá lórí ilẹ̀ tí Haldane ní àwùjọ ló ni.

Àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún Ìṣẹ̀ṣe, 20 August. Ó kan Èkó náà ní 2023. Ọjọ́ Àìkú ni 20 bọ́ sí lọ́dún yẹn, nítorí náà Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú kéde ọjọ́ kejì rẹ̀, 21 August, ní ọjọ́ ìsinmi. Ọjọ́ Ajé ni. Sẹkitéríàtì ní Aláúsá tì, àwọn oníṣẹ̀ṣe wọ funfun, wọ́n ta ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, wọ́n jó ní gbangba láìsí ẹni tó bi wọ́n léèrè. Èbúté Àpápá, ti ìjọba àpapọ̀ ni; ìsinmi ìpínlẹ̀ kò kàn án.